Ẹgbẹ́ Ayálégbé Inú Basement

Bàbá tó dá ẹgbẹ́ ayálégbé sílẹ̀ nínú ilé tí à ń gbé ní Abbeydale ní ìlú Calgary, ní Canada, bàbá tó bí onílé gan-an ni. Mo fẹ́ kí èyí yé yín kí n tó tẹ̀ síwájú, nítorí pé àwọn tí mo ti sọ ọ́ fún rí máa ń rò pé mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ọmọ wọn ló ni ilé. Òkè ni wọ́n ń gbé pẹ̀lú ọmọ náà àti ìdílé rẹ̀. Èmi, ọkọ mi àti ọmọ wa obìnrin ń gbé ní basement, abẹ́ ilé náà. Bàbá máa ń jẹun àárọ̀ nídìí tábìlì onílé, wọ́n á nu ẹnu, wọ́n á wá sọ̀ kalẹ̀ sọ́dọ̀ wa láti gbìmọ̀ bí a ó ṣe bá onílé jà.

Ará India ni wọ́n. Nílé lọ́hùn-ún, olóṣèlú ni wọ́n, aṣáájú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni wọ́n, òǹkọ̀wé sì tún ni wọ́n. Ọmọ wọn mú wọn wá sí Calgary lẹ́yìn tí ìyàwó wọn kú, nítorí pé ìtọ̀ ṣúgà ń bá wọn jà, dókítà sì ní kò yẹ kí wọ́n máa dá gbé mọ́. Ní Calgary, wọn kì í ṣe ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bàbá àgbà tó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ ni wọ́n, tí wọ́n ń bá a kó ọmọ-ọmọ dé láti ilé-ìwé. Wọ́n fara mọ́ ọn títí àwa fi kó dé.

Lọ́jọ́ tí à ń kó ẹrù wọlé, ọkọ mi rí wọn lẹ́nu ọ̀nà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún wọn lórí snow. Kì í ṣe pé ó rò ó tẹ́lẹ̀. Ó rí irun funfun, ara rẹ̀ lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Bàbá fà á dìde, wọ́n gbọn snow kúrò láyà rẹ̀, wọ́n sì dúró nínú òtútù yẹn láti ṣàlàyé fún un pé ohun tí àwọn fi gbogbo ọjọ́ ayé àwọn jà fún ni pé kí ènìyàn kankan má ṣe dojú bolẹ̀ fún ènìyàn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́. Ọkọ mi ní, "Yes sir." Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó tún dọ̀bálẹ̀.

Bàbá la pè wọ́n. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń pe bàbá lédè tiwọn, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò ní láti kọ́ nǹkan tuntun. Gẹ̀ẹ́sì ni àwa àti wọn jọ ń sọ. Yorùbá tí mo fi kọ ọ̀rọ̀ wọn síbí, èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀, bí àṣìṣe bá sì wà níbẹ̀, tèmi ni.

Bí wọ́n ṣe ń mu tíì lọ́dọ̀ wa ni mo ṣe gbọ́ ìtàn ayé wọn, díẹ̀díẹ̀. Ìlú tí wọ́n ti ń hun aṣọ ni wọ́n ti bí wọn. Inú ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ ni bàbá wọn ti ṣiṣẹ́ kú, àwọn náà sì wọ ibẹ̀ kí irùngbọ̀n tó hù lágbọ̀n wọn. Òwú tó ń fò káàkiri nínú afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ló fún wọn ní ikọ́ tí wọ́n ṣì ń wú ní Canada. Wọ́n di akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, wọ́n di alága, wọ́n kó àwọn òṣìṣẹ́ jáde fún ìyanṣẹ́lódì ní iye ìgbà tí àwọn fúnra wọn kò rántí mọ́. Wọ́n du ipò ilé aṣòfin lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú sósíálíìsì. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n wọlé. Gbogbo ìyókù, wọ́n fìdí rẹmi. Bí wọ́n bá ń sọ nípa ìgbà tí wọ́n wọlé, kì í pẹ́ rárá. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa àwọn ìgbà tí wọ́n fìdí rẹmi, ẹ yáa wá àga fi jókòó.

Nígbà tó yá, ìjọba kan dé tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun wí. Ó kó àwọn alátakò rẹ̀ sẹ́wọ̀n, ó kó Bàbá mọ́ wọn. Inú ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn, nítorí wọ́n ní kò sí ìpàdé tí àwọn lè lọ. Àwọn ìwé náà wà nínú àpótí lábẹ́ ibùsùn wọn. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn kò lè ka lẹ́tà kan ṣoṣo nínú wọn, onílé náà kò sì rí àyè kà wọ́n. Bàbá á mú ọ̀kan sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á máa kà á lédè wọn, wọ́n á sì máa túmọ̀ rẹ̀ fún mi bí mo ṣe ń ká aṣọ. Àwọn ìtàn náà dára. Ó kàn jẹ́ pé gbogbo ènìyàn inú wọn ló ń ṣe ìpàdé. Ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ ìyàwó, á kọ́kọ́ pe ìpàdé. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní àwọn lámèyítọ́ ilé àwọn náà sọ ọ́, ṣùgbọ́n tèmi dùn-ún gbọ́ ju tiwọn lọ.

Ọ̀rọ̀ ooru ló dá gbogbo wàhálà sílẹ̀. Thermostat ilé náà, ẹ̀rọ tó ń darí ooru, wà lókè, lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, onílé sì fi ike tó ní kọ́kọ́rọ́ bò ó. Ẹnjiníà ni onílé, àwọn iléeṣẹ́ epo ló ń bá ṣiṣẹ́. Ó mọ̀ pé ooru máa ń lọ sókè, ó mọ̀ ọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n òkè ló ń gbé. Bí wọ́n bá wọ síńgílẹ́ẹ̀tì lókè, jákẹ́ẹ̀tì là ń wọ̀ sùn nísàlẹ̀. Mo ti bá a sọ ọ́ léraléra. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, kó tiẹ̀ jẹ́ pé ènìyàn burúkú ni ì bá rọ̀ mí lọ́rùn. Ó máa ń tẹ́tí sílẹ̀, á ní òun máa wò ó, á sì bi mí léèrè àlàáfíà ọmọ. Ó fún wa ní heater kékeré kan. Bí a bá ti tàn án, iná gbogbo basement á kú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá sọ̀ kalẹ̀ wá mu tíì, wọ́n rí ọmọ wa tó wọ ìbọ̀wọ́ níbi tó ti ń kun àwòrán. Wọ́n bi í pé kí ló dé.

Ó ní, "It's always cold here, Grandpa. You get used to it."

Wọn kò mu tíì ọjọ́ náà tán. Nígbà tí wọ́n padà wá lọ́jọ́ kejì, wọ́n wọ kóòtù, wọ́n fi òróró pa irun wọn, wọ́n sì kéde pé ìpàdé ìdásílẹ̀ ẹgbẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ ẹgbẹ́ méjì ló wà, èmi àti ọkọ mi. Bàbá ni alága. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní kọ́mírédì. Nǹkan tó bá délẹ̀, wọ́n á ní ká dìbò. Èmi máa ń tako ọ̀pọ̀ nǹkan, nítorí pé ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì ti sọ ọdún mẹ́rin di mẹ́fà fún mi rí, ojú tí mo fi ń wo ọ̀rọ̀ náà kò sì dára. Ọkọ mi máa ń fọwọ́ sí gbogbo nǹkan. Kì í ṣe pé ó gbà pẹ̀lú Bàbá. Kò lè sọ pé rárá fún àgbàlagbà ni, bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Bí àgbàlagbà bá ní kó gbé ilé náà rù, á ní yes sir, á sì máa wá òṣùká. Bàbá rò pé akíkanjú ni. Èmi á dìbò pé rárá, òun á dìbò pé bẹ́ẹ̀ ni, alága á wá fi ìbò tiwọn yanjú rẹ̀. Bàbá ní bí ìjọba tiwa-n-tiwa ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Báyìí la ṣe yan iṣẹ́ lódì. Àdéhùn wa pẹ̀lú onílé ni pé àwa la ó máa kó snow kúrò níwájú ilé. Bàbá ní agbára wa kò sí níbòmíràn, inú ṣọ́bìrì yẹn ló wà. Bí snow bá dúró níbẹ̀, onílé á rí i pé ayálégbé ló gbé ilé ró. Èmi ní rárá. Ọkọ mi ní yes sir. A gbé ṣọ́bìrì tì.

Bàbá fúnra wọn ló dúró síwájú ilé. Wọ́n gé páálí tẹlifíṣọ̀n tuntun tí onílé rà, wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé ooru kì í ṣe àánú, wọ́n sì ń gbé e dání láràárọ̀ lórí snow tí ẹnikẹ́ni kò kó. Onílé á wa mọ́tò rẹ̀ jáde lọ síbi iṣẹ́, á juwọ́ sí bàbá rẹ̀. Bàbá kì í dáhùn. Wọ́n ní láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá iléeṣẹ́ ni ọmọ àwọn jẹ́. Bó bá di alẹ́, wọ́n á jọ jókòó jẹun, wọ́n á sì bi í bóyá iṣẹ́ lọ dáadáa. Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kọfí fún wọn. Ẹnì kan rò pé wọ́n ń ta ilé ni, ó bi wọ́n léèrè iye yàrá tó wà níbẹ̀.

Mo ní láti jẹ́wọ́ pé inú mi ń dùn sí i. Ara bàbá náà yá gágá. Ikọ́ wọn dín kù. Àwọn ìgbà mìíràn tí mo bá ń lọ wọ bọ́ọ̀sì, mo máa ń dúró tì wọ́n díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti dìbò takò ó.

Afẹ́fẹ́ ló wá da ìyanṣẹ́lódì náà rú. Ẹni tó bá ti gbé Calgary mọ chinook, afẹ́fẹ́ gbígbóná tó máa ń ti orí àwọn òkè ìwọ̀-oòrùn wá láàárín òtútù, tí á sọ snow di omi kó tó di ọ̀sán. Bó ṣe dé nìyẹn. Gbogbo snow tí a kọ̀ tí a ò kó, ó yọ́, ó ṣàn lọ sójú títì. Onílé dé láti ibi iṣẹ́, ó rí iwájú ilé tó mọ́ tónítóní, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Òtútù padà dé kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, omi tó kù di yìnyín líle lórí ilẹ̀. Bàbá jáde lọ dúró síbi iṣẹ́ wọn. Wọ́n yọ̀, wọ́n ṣubú, ọrùn ọwọ́ wọn sì kán.

Onílé sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa lọ́jọ́ tí wọ́n ti ilé ìwòsàn dé. Kò pariwo. Ì bá dùn mọ́ mi nínú kó pariwo. Ó ní òun kò dá wa lẹ́bi, ṣùgbọ́n òun kò lè wà níbi iṣẹ́ kí òun máa ronú pé bàbá òun wà lórí yìnyín. Ó ti bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó wà ní ìlú Winnipeg sọ̀rọ̀. Bí oṣù bá ti parí, ibẹ̀ ni Bàbá ń lọ. Àjà tó ga jù nínú ilé alájà púpọ̀ ni ẹ̀gbọ́n náà ń gbé, kò ní basement, kò sì ní ayálégbé.

Bàbá pe ìpàdé pàjáwìrì. Wọ́n fi aṣọ so ọwọ́ kọ́ ọrùn. Wọ́n ní obìnrin dáadáa ni ọmọ àwọn, àárọ̀ kùtùkùtù ló ń jáde, ojú alẹ́ ló ń wọlé. Wọ́n ní níbí, àwọn ní ẹgbẹ́. "Ní Winnipeg, ẹrù ni mo máa jẹ́," ni wọ́n wí. "Wọ́n á gbé mi síbi fèrèsé." Mi ò rí kí ojú wọn rí bẹ́ẹ̀ rí. Èmi náà ti sọ àwọn òbí tèmi kalẹ̀ síbi fèrèsé nílé, mo sì wá sí Canada.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú àbá wá pé bó bá ti di ọjọ́ Ajé, àwọn á bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Àwọn kò ní jẹun títí ọmọ àwọn á fi yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Wọ́n ti ṣe é rí lẹ́wọ̀n, ó sì gbéṣẹ́. Mo rán wọn létí ìtọ̀ ṣúgà. Wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Wọ́n ní ká dìbò. Mo ní rárá. Ọkọ mi wo ilẹ̀, kò sọ yes sir, kò sọ nǹkan kan, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé rẹ̀. Alága ní ẹni tó dákẹ́ kò takò ó, wọ́n sì dìbò tiwọn.

Bí wọ́n ṣe gun òkè lọ tán, ọkọ mi yíjú sí mi.

Ó ní, "Mummy, mi ò lè vote lórí pé kí bàbá tó ń lo oògùn ṣúgà má jẹun o. That one is not democracy."

"Kí la wá fẹ́ ṣe?"

"À á lọ bẹ onílé ni."

"Kí la ṣe fún un?"

"Kò kan pé a ṣe nǹkan. À á ṣáà bẹ̀ ẹ́."

Mo mọ̀ pé òdodo ló sọ. Ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́ Yorùbá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó bá ti le, a kì í wá ẹni tó jẹ̀bi mọ́. Ẹni tó bá lágbára láti fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ la máa ń bẹ̀. Àwọn baba wa ní ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ òṣìkà kó tún ìlú rẹ̀ ṣe. Onílé kì í ṣe òṣìkà, nítorí náà ó yẹ kó yá. A ò sì lè dá lọ. Àgbà ló ń ṣíwájú ẹ̀bẹ̀. Bàbá Ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ wọn ní àdúgbò McKenzie Towne, ni a tọ̀ lọ. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ bá Bàbá dọ́gba lọ́jọ́ orí. Wọn kò béèrè pé ta ló jẹ̀bi. Ohun tí wọ́n béèrè ni bóyá kápẹ́ẹ̀tì wà nínú pálọ̀ onílé, nítorí orúnkún wọn.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi la gun òkè lọ, lẹ́yìn ìsìn. A kì í lọ bẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ òfo, nítorí náà a ti ya sí àdúgbò Forest Lawn, a ra iṣu ńlá méjì ní ṣọ́ọ̀bù kan ní International Avenue. Onílé gbà wá tọwọ́ tẹsẹ̀. Ó gbé tíì wá. Ó wo iṣu náà, ó ní ó tóbi. Bàbá Ìjọ dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n dìde, wọ́n tún táì wọn ṣe, wọ́n ní àwọn wá nítorí bàbá rẹ̀, kó dárí ji gbogbo wa, kó jẹ́ kí bàbá náà dúró. Wọ́n bá nà gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú kóòtù àti táì. Ọkọ mi nà tì wọ́n. Mo kúnlẹ̀.

Mi ò lè gbàgbé ojú onílé. Ó fò dìde, tíì dà sí i lẹ́sẹ̀, kò tiẹ̀ mọ̀. Nílé tiwọn, ọmọdé ló ń fọwọ́ kan ẹsẹ̀ àgbà, mo sì rò pé ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ nìyẹn, pé àgbà wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀. Òun náà dọ̀bálẹ̀, ó ń fa Bàbá Ìjọ lápá kí wọ́n dìde. Bàbá Ìjọ kò dìde. Àgbà tó mọ ẹ̀bẹ̀ kì í dìde nígbà àkọ́kọ́. Ibi tí gbogbo wa wà nílẹ̀ ni ilẹ̀kùn yàrá Bàbá ti ṣí.

Wọ́n dúró síbẹ̀, ọwọ́ wọn lọ́rùn. Wọ́n wo Bàbá Ìjọ, wọ́n wo ọmọ wọn, wọ́n wá wo èmi, ojú wọn sì pẹ́ lára mi.

"Ẹ dìde," ni wọ́n wí. "Ẹ dìde kúrò nílẹ̀."

Wọ́n padà sínú yàrá, wọ́n rọra ti ilẹ̀kùn. Onílé ti ń sọ pé bàbá òun kò lọ síbì kankan mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́. Ó ṣí ike ara ògiri, ó yí thermostat sókè lójú wa, láìjẹ́ pé a dárúkọ rẹ̀. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, Bàbá Ìjọ ní ṣé a rí i bí ó ṣe rọrùn tó. Wọ́n jẹ bisikíìtì, ọkọ mi sì gbé wọn lọ sílé.

Kò sí ààwẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ooru wà ní basement. Ọmọ wa bọ́ ìbọ̀wọ́. Ṣùgbọ́n Bàbá kò sọ̀ kalẹ̀ wá mọ́. Mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lórí wa, láti yàrá dé ilé ìdáná, láti ilé ìdáná dé yàrá. Bí mo bá pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á kí mi bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ń pín lẹ́tà. Inú bí mi. Mo sọ fún ọkọ mi pé bí ẹ̀bẹ̀ bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, kí wọ́n kó ẹrù wọn, kí wọ́n máa lọ sí Winnipeg. Inú tó bí mi kò jẹ́ kí n lè jẹun dáadáa, nítorí bàbá náà ń wù mí í rí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Wọ́n jókòó, wọn kò gba tíì. Wọ́n bi mí pé ta ló kọ́ wa ní nǹkan yẹn. Mo ní wọ́n bí wa bá a ni. Mi ò bẹ̀ wọ́n. Mo sọ fún wọn pé lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ kò tíì pòfo, ẹrù ló dì lé ẹni tó dúró lórí. Ẹni tó dúró ni kò mọ ibi tó máa fi ojú sí. Mo ní àwọn náà rí ọmọ wọn lọ́jọ́ yẹn, kí wọ́n sọ fún mi ẹni tó jọ ọ̀gá nínú wa. Wọ́n gbọ́ mi títí mo fi sọ̀rọ̀ tán, wọn kò já a gbà mọ́ mi lẹ́nu, bí wọ́n ṣe ń ṣe nípàdé.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ìyókù ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n fún mi, èyí tí kò sí nínú ìwé kankan. Wọ́n ní ìjọba ṣe tán láti tú ẹnikẹ́ni tó bá tọrọ àforíjì sílẹ̀. Àwọn kọ̀. Gbogbo kọ́mírédì wọn kọ̀. Láàárín ìgbà náà ni ọmọ wọn ọkùnrin, onílé wa yìí, ṣàìsàn. Ọmọ bíi ọdún márùn-ún ni nígbà náà, ibà ń ṣe é, kò lọ. Láì sọ fún wọn, ìyàwó wọn gba ilé mínísítà kan lọ, ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n tú Bàbá sílẹ̀. Wọ́n fi àwọn yòókù sílẹ̀ sínú ẹ̀wọ̀n.

"Kò sí ẹni tó bi mí pé ṣé mo tọrọ àforíjì," ni wọ́n wí. "Wọ́n kàn ṣíwọ́ wíwá sílé mi ni. Nígbà tí mo tún du ipò, àdúgbò tí mo ti dàgbà kò dìbò fún mi. Mo bínú sí ìyàwó mi. Mo ń jẹ oúnjẹ rẹ̀, mo ń dá a lóhùn bó bá bi mí ní nǹkan. Ṣùgbọ́n mi ò bá a sọ̀rọ̀ bí ọkọ ṣe ń bá aya sọ̀rọ̀ mọ́, títí ó fi kú. Ara ọmọ náà yá. Ó dàgbà nínú ilé yẹn, kò mọ ìdí tí ilé rẹ̀ fi rí bẹ́ẹ̀."

Ọkọ mi ti dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Bàbá ní, "Kọ́mírédì, mo fẹ́ bẹ ọmọ mi. Mi ò ṣe irú rẹ̀ rí, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ ṣe ṣe é lọ́jọ́ yẹn, ṣé ẹ lè bá mi ṣe é?"

Ọkọ mi ní yes sir, ó sì ti ń wọ bàtà.

Onílé wà nídìí síǹkì, ó ń fọ abọ́. Ìyàwó rẹ̀ ti kó àwọn ọmọ lọ síbi adágún ìlúwẹ̀ẹ́ inú ilé. Ọkọ mi fẹ́ lọ sílẹ̀, mo di ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mú, nítorí eléyìí kì í ṣe tiwa. Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀. Mo ní bàbá rẹ̀ ní ká bá àwọn bẹ̀ ẹ́. Ó bi mí pé kí ni wọ́n ṣe. Bàbá bọ́ síwájú. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi sọ ọ́, nítorí wọ́n fẹ́ ká ṣe ẹlẹ́rìí. Wọ́n sọ bí ìyá rẹ̀ ṣe lọ sílé mínísítà, wọ́n sọ ohun tí àwọn fi san án fún un, wọn kò fi nǹkan kan pa mọ́. Wọ́n ní kó dárí ji àwọn, bó bá lè ṣeé ṣe.

Onílé kò yíjú padà. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú omi.

"Mo mọ̀," ló wí. "Mo wà níbẹ̀. Màmá gbé mi dání, ara mi ń gbóná. Nígbà tó fẹ́ kúnlẹ̀, ó sọ mí kalẹ̀, ó ní kí èmi náà kúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀."

Bàbá fi ọwọ́ tó dá ṣáṣá gbá etí tábìlì mú.

"Kí ló dé tí o ò fi sọ fún mi láti ọjọ́ yìí wá?"

"Màmá ní kí n má sọ. Ó ní bí ẹ bá gbọ́ pé èmi náà kúnlẹ̀, ẹ ò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́."

Ọkọ mi na ọwọ́ kọjá onílé, ó ti ẹ̀rọ omi tó ń dà lórí abọ́, a sì fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ níbẹ̀.